Ìdì irun nínú àpòlúkù àti iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìyá ló ń béèrè èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè yìí, àwọn ọmọbìnrin fúnra wọn náà ń béèrè, àmọ́ wọ́n máa ń rọra béèrè ni torí ojú ń tì wọ́n. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn fún àbúrò mi nínú ilé. Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ: iṣẹ́ abẹ lè yọ irun kúrò nínú ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè yọ nǹkan tó ń mú ọmọ jẹ irun, méjèèjì la gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ṣé òótọ́ ni pé irun lè di ìdì nínú èèyàn, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?

Òótọ́ ni o. Kì í ṣe irun kan méjì tó bọ́ sínú ọbẹ̀ là ń sọ, ìyẹn á bá ìgbẹ́ jáde, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹni tó ń fa irun tó sì ń gbé e mì lójoojúmọ́, tí oṣù ń gorí oṣù, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Keratin ló pọ̀ jù lára irun, òun náà ló wà lára èékánná, kò sì sí omi kankan nínú àpòlúkù wa tó lè yọ́ ọ. Irun tún máa ń yọ̀, tí àpòlúkù bá fún pọ̀ kó lè ti oúnjẹ lọ sínú ifun, irun ò ní bá a lọ, á sá pamọ́ sáàárín àwọn ìṣẹ́po ara àpòlúkù, ibẹ̀ ni òmíràn á ti wá bá a, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn, oúnjẹ á dì mọ́ wọn, bó ṣe ń tóbi nìyẹn.

Tó bá pẹ́, á gba gbogbo inú àpòlúkù débi pé tí wọ́n bá yọ ọ́ jáde, ìrísí àpòlúkù gan-an ló máa ní. Ó dà bíi kànrìnkàn tó ti gbó sínú omi ìdọ̀tí, ó dúdú, ó sì ń rùn. Dúdú yẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àwọ̀ irun o, ásíìdì inú àpòlúkù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òyìnbó tí irun ẹ̀ pupa náà, dúdú ni tiẹ̀ máa jáde. Trichobezoar ni àwọn dókítà ń pè é. Ìgbà míì ìrù máa ń wà lára ẹ̀ tó gùn wọnú ifun lọ, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Rapunzel syndrome, 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ lórúkọ yẹn.

Ta ló máa ń ṣe jù?

Àwọn ọmọbìnrin, pàápàá àwọn tó ń bàlágà àtàwọn tí ò tíì pé ọdún 30. Ọkùnrin náà lè ní i àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, irun fífà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fa irun orí tàbí ti ìpéǹpéjú láìmọ̀gbà tí ọwọ́ dé ibẹ̀, nígbà tó yá wọ́n á máa ti irun yẹn sẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fa irun ló ń jẹ ẹ́, àwọn tó sì ń jẹ ẹ́ náà, díẹ̀ péré nínú wọn ló máa dé orí iṣẹ́ abẹ.

Ọmọ mi kì í jẹ irun orí ẹ̀, àtàṣímẹ́ǹtì ló máa ń jẹ lẹ́nu. Ṣé ewu wà ńbẹ̀?

Ewu wà ńbẹ̀ mà. Àtàṣímẹ́ǹtì, irun wíìgì, irun bèbí, òwú bùláńkẹ́ẹ̀tì, òwú kápẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tí àpòlúkù lè dà nínú wọn, gbogbo wọn ni wọ́n ti bá nínú àpòlúkù àwọn èèyàn rí. Ti àtàṣímẹ́ǹtì tiẹ̀ ń kó mi lọ́kàn sókè nílé wa níbí torí pé a kì í kíyè sí i, ọmọ á ti jẹ ìdí bráìdì ẹ̀ títí tó fi kúrú, a ó sì rò pé onídìrí ni ò dì í dáadáa. Nǹkan kejì ni pé bráìdì, gèlè àti wíìgì máa ń bo orí tó pá, ìyá lè má rí ojú ibi tí ọmọ ti ń fa irun fún odidi ọdún. Tẹ́ ẹ bá tú irun ọmọ, ẹ wo orí ẹ̀ dáadáa. Ti irun dídì tó le koko, iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí ló máa ń pá. Ti irun fífà, ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tètè dé ló máa ń wà, irun ibẹ̀ á rí játijàti, ìkan gùn, ìkan kúrú.

Àmì wo ni màá fi mọ̀?

Inú rírun lókè ìdodo tí kò lọ tí kò bọ̀. Oúnjẹ díẹ̀ á ti yó o. Eebi lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ń rù, aṣọ ẹ̀ ń tóbi lára ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ń rùn, tí fífọ eyín ò sì yanjú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò tó lára, ojú ẹ̀ funfun, ó ń rẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá kan ló fọwọ́ kan ikùn ọmọ nígbà tí wọ́n ń fi ìpara pa á lára, wọ́n wá rí i pé nǹkan kan le ńbẹ̀, tó ṣeé sún díẹ̀, tí kì í sábà dun ọmọ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo àmì yìí jọ ti nǹkan míì. Wọ́n á ní ọ́lsà ni, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á ní tàífọ́ọ̀dù ni, oògùn á ti pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi ọmọ léèrè pé ṣé o máa ń jẹ irun. Ẹ̀yin gan-an lè sọ fún dókítà. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń fa irun, ẹ má fi pamọ́, gbólóhùn kan yẹn lè gbà yín lọ́wọ́ oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ ò bá fi lo oògùn tí kò kàn án.

Nígbà wo ló di ti pàjáwìrì?

Tí ikùn bá le gbagidi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tí eebi bá ní àwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀, tí kò bá lè yàgbẹ́ tí kò sì lè sọ atẹ́gùn, tí ibà gíga bá bá inú rírun wá. Irun yẹn lè dá egbò sí àpòlúkù títí tó fi máa lu, ó sì lè dí ifun pátápátá. Ẹ gbé ọmọ lọ ọsibítù tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ lóru ọjọ́ yẹn náà, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní wọ́n fún ọmọ mi ní nǹkan jẹ lójú orun, ṣé kì í ṣe ìyẹn ló ń ṣe é?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà o, ẹ gbàdúrà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò inú ikùn ọmọ náà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nígbà tí irun bá jáde tán tí àwọn ará ilé rí i, ariwo máa ń sọ, wọ́n á ní irú nǹkan báyìí ò lè wà nínú èèyàn lásán, ojú àjẹ́ ni wọ́n á wá máa fi wo ọmọ náà tàbí ìyá bàbá ẹ̀ tàbí ìyàwó kejì. Ó ń dùn mí gan-an. Irun orí ẹ̀ ni, òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ ẹ́, àìsàn ló jẹ́ kó jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí wọ́n ya fídíò ìdì irun yẹn kí wọ́n máa pín in kiri lórí WhatsApp, ọmọ yẹn ṣì máa padà sí skúùlù.

Báwo ni dókítà ṣe máa mọ̀ dájú?

Skáànù orí ikùn tí gbogbo wa mọ̀ lè fi hàn pé nǹkan kan wà ńbẹ̀ àmọ́ kò lè rí ẹ̀yìn ẹ̀, torí náà wọ́n lè ṣì í pè. CT scan ló máa fi hàn bó ṣe tóbi tó, á rí i bí nǹkan tí atẹ́gùn há sáàárín ẹ̀ kéékèèké, á sì tún sọ bóyá ó ní ìrù nínú ifun tàbí kò ní. Endoscopy, ìyẹn kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń tì gba ẹnu wọlé, ìyẹn ló máa fojú rí irun náà ní gbangba. Bí ìrù bá wà àbí kò sí yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, torí òun ló máa sọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa ṣe, torí náà ẹ bi wọ́n.

Ṣé kò sí nǹkan tí ọmọ lè mu tó máa yọ́ ọ? Wọ́n ní Coke máa ń yọ́ ọ.

Ti Coke yẹn, ibi tó ti wá ni pé irú ìdì míì wà nínú àpòlúkù tó jẹ́ pé koríko àti èèpo èso ló di ìdì, Coca-Cola lè yọ́ ìyẹn, àwọn dókítà ń lò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irun kì í yọ́. Kò sí àgbo, kò sí epo, kò sí ọtí, kò sí oògùn kẹ́míìsì tó ń yọ́ irun nínú àpòlúkù tí kò ní kọ́kọ́ ba àpòlúkù náà jẹ́. Oògùn ìyàgbẹ́ ni mo tiẹ̀ bẹ̀rù jù, torí bó bá ti ìdì irun kúrò lójú kan lọ há sínú ifun, ohun tó jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí a lè mú ọjọ́ fún á di ti pàjáwìrì lóru.

Ẹ̀yin dókítà ò kúkú lè fà á gba ẹnu jáde?

Èmi kì í ṣe dókítà mà, àmọ́ wọ́n máa ń gbìyànjú ẹ̀, tó bá kéré gan-an ó lè bọ́ sí i. Tó bá ti tóbi, kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Tí wọ́n bá wá ní káwọn máa gé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ti kámẹ́rà wọlé wọ́n á fà á jáde àìmọye ìgbà, ọ̀fun á bó, àwọn tó já kúrò lára ẹ̀ á sì máa ṣàn lọ sínú ifun, wọ́n á lọ dí ibẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 kó ìtàn àwọn aláìsàn 108 jọ láti inú ìwé àwọn dókítà káàkiri ayé: nínú àwọn tí wọ́n fi endoscopy gbìyànjú fún, ìdá 5 nínú 100 péré ló bọ́ sí i fún. Torí náà tí dókítà bá sọ fún yín pé endoscopy tí àwọn ṣe, àwọn fi wo nǹkan ni, àwọn ò fi yọ ọ́, ẹ má rò pé wọn ò mọ iṣẹ́.

Kí ni iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà yìí gan-an, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Laparoscopy ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ọmọ ní oògùn tó máa gbé e sùn pátápátá, kò ní mọ nǹkan kan. Wọ́n á dá ihò kékeré kan sí ìdodo, kò ju milimítà 10 sí 12 lọ, wọ́n á gba ibẹ̀ fẹ́ gáàsì carbon dioxide sínú ikùn kí ikùn lè wú sókè kí àyè lè wà. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ á wọlé, gbogbo inú ikùn á máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú tíátà, wọ́n á tún dá ihò bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin míì tí wọ́n á máa gbà ti irinṣẹ́ gígùn wọlé, òmíràn nínú àwọn ihò yẹn ò ju milimítà 5 lọ.

Títí débí, kò yàtọ̀ sí ti àpẹ́ńdíìsì. Ibi tí tiwa ti le ni pé inú àpòlúkù ò mọ́, ìdì irun yẹn kún fún kòkòrò àti oúnjẹ tó ti bàjẹ́, tí wọ́n bá la àpòlúkù láìmúra sílẹ̀, ìdọ̀tí á dà sáàárín ifun, ìyẹn á sì di wàhálà ńlá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Torí náà oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ á fi òwú gbé iwájú àpòlúkù so mọ́ ara ògiri ikùn kí ẹnu ibi tí wọ́n là lè dojú kọ òkè, wọ́n á ti gbé báàgì rọ́bà kan wọlé dè é, wọ́n á wá la àpòlúkù, wọ́n á rọra fa ìdì irun náà jáde tààràtà sínú báàgì yẹn. Ìyẹn nìkan lè gba àkókò gan-an, torí irun máa ń yọ̀ mọ́ irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Ìgbà tó bá wọ báàgì tán, báwo ló ṣe máa gba ihò milimítà 12 jáde? Kò lè gba ibẹ̀ jáde. Wọ́n á fẹ ihò ìdodo yẹn sí i, tàbí kí wọ́n la ibì kan gbọọrọ nísàlẹ̀ ikùn níbi tí pátá máa ń bò, wọ́n á fa ẹnu báàgì jáde, tí ìdì náà bá tóbi wọ́n á máa gé e nínú báàgì náà, wọ́n á máa mú un jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á rán àpòlúkù padà, wọ́n á fomi ṣan inú ikùn, wọ́n á tún wo ifun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí bóyá irun kan ti já bọ́ síbẹ̀. Wíwo ifun yìí ò gbọ́dọ̀ yẹ̀, torí àwọn kan wà tí wọ́n yọ ti àpòlúkù fún, tó jẹ́ pé èyí tó kù nínú ifun ló tún gbé wọn padà sí tíátà.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan máa ń da méjèèjì pọ̀: wọ́n á fi kámẹ́rà wo ibi tí nǹkan wà, wọ́n á wá la ojú kékeré kan, wọ́n á fa ara àpòlúkù wá síbẹ̀, wọ́n á fi òrùka rọ́bà bo etí egbò kí ìdọ̀tí má kàn án, wọ́n á sì yọ irun níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yìí torí pé egbò ẹ̀ kéré, ìdọ̀tí ò sì ní dà sínú.

Èwo ló dáa jù, ti kámẹ́rà àbí kí wọ́n kúkú la ikùn?

Ìbéèrè tó ń fa ìjà láàárín bàbá àti ìyá lẹ́nu ọ̀nà tíátà nìyí, ẹ jẹ́ n farabalẹ̀ dáhùn ẹ̀.

Ti kámẹ́rà: egbò kéré, ìrora ò pọ̀, ọmọ á tètè dìde rìn, á tètè lọ sílé, egbò ò sábà kẹ̀. Àpá náà kéré, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àpá jẹ́ ọ̀rọ̀ faaji. Ọmọ ọdún 14 tí ojú ti ń tì nítorí orí tó pá, tí a wá fi ìlà gbọọrọ sí àárín ikùn ẹ̀, àpá yẹn á máa rán an létí ní gbogbo ìgbà tó bá ń wẹ̀. Ó yẹ ká ro ìyẹn mọ́ ọn.

Ti ikùn lílà: kíákíá ni, ojú kan ni wọ́n á là lókè ìdodo, wọ́n á yọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìgé e, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn tẹ ifun wò tinú tòde. Nínú ìwádìí 2010 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, laparoscopy bọ́ sí i fún ìdá 75 nínú 100 (àwọn tí wọ́n sì ṣe é fún ò pọ̀ rárá), ikùn lílà bọ́ sí i fún ìdá 99. Láti ìgbà yẹn ọwọ́ ti mọ́ ti kámẹ́rà sí i, irinṣẹ́ náà ti dáa sí i.

Èrò tèmi nìyí, tó bá jẹ́ ọmọ mi ni. Tí ìdì náà ò bá tóbi jù, tí kò ní ìrù, tí oníṣẹ́ abẹ yẹn sì ti ń fi kámẹ́rà rán ifun tàbí àpòlúkù tẹ́lẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi kámẹ́rà ṣe é. Tó bá tóbi gan-an, tàbí ìrù ẹ̀ ti wọnú ifun lọ jìnnà, tàbí àpòlúkù ti lu, màá ní kí wọ́n la ikùn, mi ò ní sunkún sí i. Ìtàn kan wà tó jáde ní New England Journal of Medicine ní 2007, ọmọbìnrin ọdún 18 kan ní Amẹ́ríkà tí inú ti ń run fún oṣù márùn-ún tó sì ti rù ní kílò 18, ìdì irun tí wọ́n yọ nínú ẹ̀ wọn kílò 4.5. Irú ìyẹn, ojú wo ni báàgì àti ihò kékeré máa fi wò ó? Ara ọmọ náà yá o, nígbà tó fi máa pé ọdún kan ó ti sanra padà, ó ní òun ò jẹ irun mọ́.

Wọ́n ní ká fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n lè yí i padà sí ikùn lílà, ṣé wọ́n fẹ́ tàn wá jẹ ni?

Rárá. Gbogbo laparoscopy ló ní ìwé yẹn. Tí wọ́n bá débẹ̀ tí wọ́n rí i pé ìdì náà ò ṣeé fà tàbí ìdọ̀tí ti ń dà, wọ́n gbọ́dọ̀ lè yí padà lójú ẹsẹ̀ láìwá yín kiri. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kóun dúró ni kẹ́ ẹ máa wá.

Ṣé wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà?

Wọ́n ń ṣe laparoscopy láwọn ọsibítù ẹ̀kọ́ ńlá wa, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó, àtàwọn ọsibítù àdáni kan náà. Lára èyí tí wọ́n máa ń ṣe ni ti òkúta òróòro àti ti àpẹ́ńdíìsì. Ìdì irun ṣọ̀wọ́n, torí náà ẹ má kàn béèrè pé ṣé ẹ ń ṣe laparoscopy, ẹ béèrè pé ṣé ẹ ti fi la àpòlúkù tẹ́ ẹ sì rán an padà rí, ṣé báàgì wà nílẹ̀, tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́. Ní ti owó, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún yín: owó tíátà, ti dókítà tó ń gbé èèyàn sùn, ti báàgì àti òwú, ti bẹ́ẹ̀dì, kó má lọ jẹ́ pé owó iṣẹ́ nìkan ni wọ́n sọ fún yín. Ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì, kó lọ béèrè tẹ́lẹ̀ ohun tí wọ́n máa san.

Kí ni wọ́n máa ṣe kó tó wọ tíátà?

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ni ebi ti ń pa fún oṣù láìmọ̀. Wọ́n á yẹ PCV wò, ìyẹn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, wọ́n á yẹ àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára tàbí kí wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fún un ní dirípù. Tí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ọjọ́ mélòó kan tún ara ẹ̀ ṣe, ẹ má máa kánjú wọn. Kó má jẹ nǹkan kan kó má sì mu nǹkan kan ní wákàtí tí wọ́n bá sọ, kódà omi, torí àpòlúkù tó ti dí kì í tètè sófo, ohun tó bá wà ńbẹ̀ lè gba ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá ń sùn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ìgbà wo ló máa jẹun?

Ọjọ́ kìíní èjìká lè máa dùn ún, kí èyí má ya yín lẹ́nu, gáàsì tó kù nínú ikùn ló ń fa ìyẹn, á lọ fúnra ẹ̀. Wọ́n lè fi rọ́bà sí i nímú sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí àpòlúkù lè sinmi. Tó bá yá á máa mu omi díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ògì tó ṣàn, lẹ́yìn náà oúnjẹ tó rọ̀. Ẹ má lọ gbé iyán fún un nítorí pé ó ti rù, mo mọ̀ pé àánú ẹ̀ ń ṣe yín, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n rán ṣì tutù. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe fún máa ń lọ sílé láàárín ọjọ́ 3 sí 5, tí wọ́n la ikùn fún máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kó má gbé kórobá omi, kó má gún iyán, títí dókítà á fi ní ó ti tó.

Ẹ padà kíákíá tí ibà bá dé, tí ikùn bá ń wú, tí eebi bá tún bẹ̀rẹ̀, tí ọyún bá ń jáde lójú egbò.

Ṣé ó lè tún padà wá?

Ó lè padà wá, ó sì ti padà wá fún àwọn kan. Ibi tó ń bí mi nínú jù nìyí, torí pé ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń náwó sórí iṣẹ́ abẹ títí tí ọwọ́ wọn á fi gbẹ, wọ́n á yọ sítíṣì, ó parí, kò sẹ́ni tó máa bi ọmọ léèrè ìdí tó fi ń jẹ irun. Tí dókítà bá kọ ìwé pé kẹ́ ẹ lọ rí dókítà ọpọlọ, àwọn ará ilé á ní ọmọ àwọn ò ya wèrè. Kò ya wèrè lóòótọ́. Àìsàn yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 1889 ni dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Hallopeau ti fún irun fífà lórúkọ, ó sì ní ìtọ́jú.

Ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí jù jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á kọ́ ọmọ láti máa kíyè sí ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ ń lọ sórí, ṣé nígbà tó ń kàwé ni, ṣé nígbà tí ẹ̀rù ń bà á, ṣé nígbà tó fẹ́ sùn, wọ́n á wá kọ́ ọ láti fi ọwọ́ yẹn ṣe nǹkan míì, kó di ẹ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí kó di nǹkan mú, títí tí ìfẹ́ láti fa irun á fi rọ̀. Wọ́n á tún bá a wá ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, torí nígbà míì ọ̀rọ̀ kan wà nílé tàbí ní skúùlù tí ọmọ náà ò lè sọ. Oògùn náà wà: ní 2009 wọ́n dán N-acetylcysteine wò lára àgbà 50 ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 56 nínú 100 nínú àwọn tó lò ó ni ara wọn yá dáadáa, ìdá 16 péré nínú àwọn tí wọ́n fún ní èyí tí kò ní oògùn kankan nínú, tí wọ́n kàn fi ṣe àfiwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọdé ní 2013, kò fi ìyàtọ̀ hàn, torí náà ẹ má lọ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ yín.

Àwọn tó ń tọ́jú irú ẹ̀ wà ní Arò ní Abẹ́òkúta, wọ́n wà ní Yàbá, wọ́n sì wà ní ẹ̀ka ọpọlọ láwọn ọsibítù ẹ̀kọ́. Kí wọ́n tó yọ sítíṣì ni kẹ́ ẹ ti gba ọjọ́ tí ẹ máa rí wọn.

Ṣé ká kúkú fá irun orí ẹ̀?

Tí òun fúnra ẹ̀ bá fẹ́ gé e mọ́lẹ̀, kò burú, ó ń ran àwọn míì lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Ẹ má fi ipá fá a. Ọmọ tí ẹ fá lórí lè máa jẹ irun àbúrò ẹ̀ tó sùn tì í tàbí irun bèbí. Nína án náà ò wúlò, ìbẹ̀rù àti ìtìjú ló ń ti ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, ẹ ó kàn tún fi kún un ni.

Àǹtí, èmi gan-an ni mo ń jẹ irun mi, kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Ìwọ nìkan kọ́ lò ń ṣe é, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, orí ẹ ò sì dàrú. Wá àgbà kan tó o fọkàn tán, ó lè jẹ́ màmá ẹ, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì skúùlù tàbí ìyàwó pásítọ̀ tàbí àǹtí kan ládùúgbò, sọ fún un bó o ṣe sọ fún mi yìí. Tí ẹnu ẹ ò bá gbà á, kọ ọ́ sínú fóònù kó o sì gbé e fún un kó kà á. Tó bá jẹ́ pé inú ti ń run ẹ́ tàbí oúnjẹ ò lọ mọ́, má dúró kó tó dọjọ́ tó o bá rọ́nà sọ ọ́ dáadáa, ní kí wọ́n mú ẹ lọ skáànù, kó o sì sọ fún dókítà nígbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì. O láṣẹ láti ní káwọn yòókù bọ́ síta díẹ̀.

Ọmọ mi ò tíì pé ọdún mẹ́rin, ó máa ń fa irun tó bá ń mu ìka. Ṣé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà nìyí?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọmọ kékeré báyìí, ó máa ń lọ fúnra ẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Ẹ kàn máa wò ó bóyá ó ń gbé e mì, ẹ máa kó irun kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tí inú bá ń run ún tàbí kò jẹun, ẹ mú un lọ.

Ṣé iṣẹ́ abẹ yìí ti pẹ́ láyé?

Ti ikùn lílà ti pẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Baudamant kọ nípa ìdì irun nínú èèyàn ní 1779, Schönborn fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́ ní 1883. Ti kámẹ́rà, àwọn dókítà ní Japan ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní 1998.

Ṣé kò ní dí i lọ́wọ́ láti bímọ lọ́jọ́ iwájú?

Kò ní dí i lọ́wọ́. Àpòlúkù ni wọ́n là, wọn ò fọwọ́ kan ilé ọmọ. Ó lè lóyún, ó sì lè bímọ fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá tiẹ̀ la ikùn fún un. Kó kàn sọ fún wọn nígbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyún pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ àpòlúkù fún òun rí, kó sì mú ìwé tí ọsibítù fún un dání, torí náà ẹ má sọ ìwé yẹn nù.